Dókítà Eyín àti Wàrà Tí Kò Bímọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí Karimou ká tó sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí bí wọn ò bá kí i, inú rẹ̀ kì í dùn, kódà bó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Karimou Eyín-funfun-bí-òwú! Karimou a-rẹ́rìn-ín-ká-ríran! Karimou tó la ẹnu ní Tchaourou, tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣa kajú ní Tchatchou!

Ọkùnrin náà ní eyín. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Méjìlélọ́gbọ̀n ni, ó sì pé. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ tí mò ń rán bàtà rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní gáà, ibùdó rélùwéè. Ọkọ̀ ojú irin kò wá síbẹ̀ mọ́, àmọ́ gáà la ṣì ń pè é. Bí Karimou bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ ká ètè rẹ̀ sókè bí ẹni ń ká aṣọ fèrèsé, kí gbogbo eyín lè jáde wá kí ọ. Bí èèyàn bá kú ládùúgbò, àwa yòókù á dorí kodò, Karimou á wá ibi tí oòrùn ń ràn sí kó tó kẹ́dùn.

Dírẹ́bà ni. Ó ń wa mọ́tò fún àwọn kan tó ń lọ káàkiri kọ́ èèyàn nípa ìlera. Ní ọdún tí òjò pẹ́ yẹn, ó gbé wọn lọ sí Parakou, wọ́n ṣe ìpàdé ọjọ́ kan gbáko lórí ẹnu àti eyín. Waliath tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wa níbí wà nínú ilé, ó jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n pè. Karimou wà níta, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé, ó ń gbọ́. Láti aago mẹ́sàn-án ló ti dúró síbẹ̀, títí aago méjìlá fi ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni Waliath ṣe sọ ọ́ fún mi. Ìgbà yẹn ni òórùn iyán fẹ́ wá láti òdìkejì títì, ó sì gbé e lọ.

Ohun tó gbọ́ kó tó lọ jẹun nìyí: pé kì í ṣe gbogbo kòkòrò inú ẹnu ló burú. Pé àwọn rere wà, tí ń bá àwọn burúkú du àyè lára eyín àti erìgì. Pé wọ́n wà nínú wàrà kíkan, pùròbíótíìkì sì ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Pé bí èèyàn bá ń fún ẹnu rẹ̀ ní irú wọn, tó sì ń fọ eyín rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ó lè ran erìgì rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n sọ nígbà tó ń jẹ iyán, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná. Kò ní sá lọ.

Ó wọ Parakou ní dírẹ́bà, ó jáde ní dókítà. Àwọn mìíràn lo ọdún méje ní yunifásítì. Karimou lo fèrèsé kan.

Láti ìgbà tí ìjọba tiwa-n-tiwa ti dé, kálukú ló ní ẹ̀tọ́ láti la ẹnu rẹ̀. Karimou gba ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ó sì ń bá àwọn tó ń sùn lo tiwọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó dé, ó so mẹgafóònù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀:

"Pùròbíótíìkì Dókítà Karimou! Ó wà láàyè! Ó wà láàyè! Kòkòrò rere, ológun ẹnu! Ẹnu tó ń rùn á máa ta sánsán! Eyín tó ń mì á dúró bí òpó iná! Ó wà láàyè! Ó wà láàyè!"

Ní ọjọ́ kẹta, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á kán. Láti ìgbà náà, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní dákẹ́ àfi kí wọ́n tú ìdí rẹ̀ kí wọ́n yọ bátìrì. Irin tí mo fi ń tú ìdí bàtà ni Karimou máa ń wá yá. Kò fìgbà kan kí mi kó tó yá a.

Nínú ìgò kékeré ni oògùn náà wà. Omi tó rí bí omi ògì ni, ó ń ta sánsán bọ́nbọ́n mẹ́ńtì. Ẹ fi yọ ẹnu, ẹ gbé e mì, ó tán. Bí wọ́n bá bi í bóyá kí wọ́n ṣì máa run orín, á rẹ́rìn-ín, eyín á jáde.

"Orín? Igi ìdáná nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ fi ẹnu yín se ọbẹ̀ ni?"

Wàyí o, lábẹ́ igi máńgòrò kan náà, níwájú mi gan-an, ni Chérifatou ti ń ta dègè láti ọdún mọ́kànlá. Wàrà kíkan ni, tó pò mọ́ jéró. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Fúlàní ló ti kọ́ iṣẹ́ wàrà náà. Igbá ńlá kan ló ní, tí kì í gbẹ láé. Bó bá ta wàrà tòní, á ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ igbá. Díẹ̀ yẹn ni à ń pè ní ìyá wàrà. Lálẹ́, á da wàrà tuntun lé e lórí, kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti kan, á ti dì. Kì í fi ọṣẹ fọ igbá náà. Omi ni, àti oòrùn.

Kí Karimou tó di dókítà, Bilkis ìyàwó rẹ̀ máa ń ra abọ́ wàrà kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di dókítà, ó ń gbé korobá wá láràárọ̀, kí àwọn èèyàn tó jí.

"Bilkis, àlejò ló kún ilé yín báyìí?" Chérifatou bi í.

"Rárá, tata. Inú ló ń run ọkọ mi. Wàrà nìkan ló ń gbà."

"Korobá kan lóòjọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, tata."

"Kí Ọlọ́run bá a dín inú náà kù."

Nǹkan kejì tí mo kíyèsí ni ìgò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí oòrùn bá ti gòkè, ìgò á máa bú nílé Karimou. Tóò! Bí ìbọn ọdẹ. Méje ló bú, mo ka gbogbo rẹ̀. Ìdérí ìkẹfà fò kọjá ògiri, ó ba ewúrẹ́ Tonton Mouftaou níwájú orí. Lẹ́yìn ìkeje, kò sí èyí tó bú mọ́. Láti ọjọ́ náà gan-an ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti ẹ̀yìn ilé Karimou, láti aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́ta, lójoojúmọ́. Kì í ṣe àkókò oúnjẹ. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Èèyàn tó bá jókòó pẹ́ níbì kan, ìdáhùn á rìn wá bá a.

Oògùn náà ń tà. Ẹni tí wọ́n bá fi eyín méjìlélọ́gbọ̀n bẹ̀, á rà. Tonton Mouftaou, tí ihò wà lára eyín ọ̀gàn rẹ̀, fẹ́ lọ bá Waliath ní ilé ìwòsàn. Karimou dá a dúró lọ́nà.

"Tonton, ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ eyín yín? Ẹ fún àwọn ológun mi ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n á dí ihò yẹn bí bíríkìlà."

Mouftaou fún wọn. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu Karimou ló ṣe àìmẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mouftaou ni ọ̀ràn bá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti wú tó ìbẹ́pẹ.

Karimou ò rí ìyẹn. Igi máńgòrò ló ń wò. Ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kó kùn ún ní funfun, kó ya eyín ńlá kan sí iwájú rẹ̀. Òjìji kan ṣoṣo tó wà ní gáà nìyẹn. Inú oòrùn ni gbogbo ibi tó kù wà. Wàrà tó bá wà nínú oòrùn Tchaourou títí di aago mẹ́wàá, ajá ló ni ín. Bí wọ́n bá lé Chérifatou kúrò lábẹ́ igi yẹn, wọ́n ti gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ọmọ mẹ́rin àti ìyá arúgbó ló sì ń jẹun nídìí igbá náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, Karimou mú Bàbá Seidou, délégué wa tó ń darí àdúgbò, wá síbẹ̀. Àwọn èèyàn tẹ̀lé wọn. Karimou nàka sí igbá.

"Ìwọ Chérifatou, ọṣẹ wo lo fi ń fọ nǹkan yìí?"

"Omi ni, tonton. Omi àti oòrùn."

"Ẹ gbọ́ o! Ọdún mọ́kànlá, igbá ò rí ọṣẹ!"

"Bí mo bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ìyá wàrà á kú. Kí ló máa wá bí tọ̀la?"

"Ìyá wàrà!" Karimou yíjú sí wa, ó ká ètè. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò dé Parakou! Bàbá, ìdọ̀tí ni obìnrin yìí ń fún ìlú jẹ. Inú igbá yẹn ni gbogbo kòkòrò burúkú ti ń jáde wá sẹ́nu wa. Èmi, kòkòrò tèmi mọ́. Mo mọ orúkọ wọn."

"Kí ni orúkọ wọn, tonton?"

"Orúkọ wọn gùn."

Bàbá Seidou fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìlú ló dìbò fún un, torí náà kì í dá ohunkóhun ṣe láìsí ìlú.

"Lọ́la, lọ́jà," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ kí Chérifatou kúrò lábẹ́ igi yìí, á nawọ́. Ọwọ́ tó bá pọ̀ ló ni ọ̀rọ̀."

Ojú Chérifatou pọ́n, àmọ́ kò sunkún. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo gbà. Àmọ́ ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ kí wọ́n tó nawọ́. Tonton ní tòun wà láàyè. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀kadà. Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ohun tí wàrà tó wà láàyè máa ń ṣe: ó máa ń bímọ. Ẹ jẹ́ ká fi ṣíbí kan tèmi sínú abọ́ wàrà tuntun, ká fi ṣíbí kan ti tonton sínú òmíràn. Kó wà lọ́dọ̀ yín títí di àárọ̀. Èyí tó bá bímọ, òun ló wà láàyè."

"Ọ̀rọ̀ ọmọdé!" Karimou pariwo. "Àwọn ológun mi? Ṣíbí kan tèmi á bí màlúù odindi! Ẹ gbé abọ́ wá!"

Mo wo ojú rẹ̀. Kò bẹ̀rù rárá. Tọkàntọkàn ló fi gbà á gbọ́, ìyẹn ló dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n gbé wàrà tuntun wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní. Waliath tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní kí wọ́n dúró ná.

"Ẹ kọ́kọ́ sè é, kó hó dáadáa, kí kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè kú. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ tó fi tiyín sí i. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́."

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Karimou nìkan ni kò gbọ́. Ó ti lọ sídìí ọ̀kadà, ó ń yẹ eyín wò nínú dígí.

Wọ́n sè é. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Chérifatou fi ṣíbí kan láti inú igbá rẹ̀ sínú abọ́ àkọ́kọ́. Karimou ṣí ìgò tuntun, ó rọ ṣíbí kan sínú èkejì, ó tún fi ààbọ̀ lé e, ó ní èènì ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà kan sára ti Chérifatou, mo fa méjì sára ti Karimou. Bàbá Seidou fi aṣọ dé wọn, ó gbé wọn wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ ọjà ní gáà, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn oníṣu láti Sanson ti dé, àwọn ọlọ́kadà ti tò. Karimou wọ aṣọ funfun dókítà tó yá lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé kan. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, ó sì tan mẹgafóònù kí Bàbá Seidou tó jókòó.

"Ó wà láàyè! Ó wà láàyè!"

"Karimou, pa nǹkan yẹn," Bàbá Seidou ní.

Karimou wá sọ́dọ̀ mi, ó na ọwọ́, mo fún un ní irin, ó tú u, ó yọ bátìrì, ó dá irin padà, ó sì ki bátìrì bọ̀ ọ́ padà díẹ̀ kó lè tètè tàn án nígbà ayọ̀. Kò kí mi.

Bàbá Seidou gbé abọ́ àkọ́kọ́ jáde, ó ṣí aṣọ. Ó fi ṣíbí gún un. Ṣíbí náà dúró ṣánṣán. Wàrà ti dì, ó ń dán bí ìrọ̀rí tuntun. Ó tọ́ ọ wò, ó fún ojú pọ̀.

"Ó kan," ó ní. "Ó kan dáadáa. Ti ta ni, onílà kan?"

"Tèmi ni, bàbá," Chérifatou dáhùn.

Ó ṣí èkejì. Ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ṣíbí wó lulẹ̀ sínú rẹ̀. Omi ni. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Ó dùn bó ṣe dùn lánàá. Kò kan rárá. Bọ́nbọ́n nìkan ni mò ń gbọ́."

"Ẹ fún wọn láyè, bàbá," Karimou ní. "Wọ́n ń sinmi."

"Àwọn ológun ń sinmi?" obìnrin oníṣu kan bi í. "Nígbà tí ogun dé?"

Ibẹ̀ ni Tonton Mouftaou ti dìde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, òun tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ń jáde ní igun ẹnu kan.

"Karimou. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. O ní wọ́n ń dí ihò. Ṣé òkú ni mo ń gbé sẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́sàn-án?"

"Kì í ṣe òkú, tonton!"

"Kò bímọ, kò kan, kò dì. Kí là ń pe ìyẹn nílé yín?"

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí hó. Karimou wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹ mọ̀ pé olójúkòkòrò kì í jẹ gbèsè ẹ̀bi, á máa tà á fún ẹlòmíràn ni. Inú bí i, ọwọ́ rẹ̀ ta sókè, ó sì pariwo:

"Bó bá ti kú, kì í ṣe lọ́wọ́ mi ló kú sí! Ẹni tó tà á fún mi ni kí ẹ bi!"

Gbogbo ojú tẹ̀lé ìka rẹ̀. Ìka náà gùn, ó sì tọ́. Ó kọjá lórí Mouftaou, ó kọjá lórí mi, ó dúró lórí igbá Chérifatou.

Mo gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ mi nígbà tó bọ́ sílẹ̀.

"Èmi?" Chérifatou bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tonton, igbá tí kò rí ọṣẹ yìí?"

Karimou la ẹnu. Ìgbà yẹn ni eyín jáde, ọ̀rọ̀ ò tẹ̀lé e.

"Korobá kan láràárọ̀," Chérifatou ní. "Wọ́n ní inú ló ń run yín."

"Tata, èmi ò purọ́ o," Bilkis ní láti ẹ̀yìn, ó bo ojú. "Inú á máa run ún lóòótọ́ báyìí."

Ẹ ò rí ẹ̀rín! Àwọn ọlọ́kadà ń fi fèrè ọ̀kadà rẹ́rìn-ín. Oníṣu kan jókòó lé iṣu rẹ̀. Bàbá Seidou nìkan ló ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì.

"Ẹ dúró, ẹ dúró," Waliath ní. "Ohun kan ò yé mi. Bó bá jẹ́ ti Chérifatou ni, tirẹ̀ bímọ. Kí ló pa tiyín? Tonton, kí lẹ ṣe sí i?"

Karimou rí ọ̀nà àbáyọ. Ó na ọrùn.

"Mo tọ́jú rẹ̀ ni! Ìmọ́tótó! Ìgò ń bú, mo rí i pé ìdọ̀tí igbá rẹ̀ ló ń bínú níbẹ̀. Mo wá sè é. Wákàtí kan gbáko, lórí iná ńlá, lójoojúmọ́! Mo sẹ́ ẹ, mo mú omi rẹ̀. Dókítà wo ló tún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Waliath fọwọ́ bo ẹnu.

"Tonton, ooru ń pa wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ ní Parakou. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: aago méjìlá ààbọ̀."

"Aago méjìlá ààbọ̀..." Karimou ń rò ó. Mo rí i bó ṣe ń rìn padà nínú orí rẹ̀, láti fèrèsé dé òdìkejì títì, dé ìdí abọ́.

"Iyán," Waliath ní.

"Pẹ̀lú wàgàsì, wàrà díndín," Karimou dáhùn, kó tó mọ̀ pé òun dáhùn.

Bàbá Seidou dìde. Ó ní ohun tó mú wa wá, kò yẹ ká gbàgbé rẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ kí Chérifatou kúrò lábẹ́ igi yìí, kó nawọ́."

Mo ka ọwọ́. Ẹyọ kan ló wà lókè nínú gbogbo ọjà.

"Karimou," Bàbá Seidou ní, "ọwọ́ rẹ ṣì wà lókè."

Òótọ́ ni. Láti ìgbà tó ti nàka, kò rántí sọ ọ́ kalẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ku òfo. Chérifatou jókòó padà sídìí igbá rẹ̀, ó gbá etí igbá náà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Waliath di Mouftaou lọ́wọ́ mú.

"Ilé ìwòsàn ni ká máa lọ, tonton, lónìí. Ihò eyín kò sí nínú iṣẹ́ wàrà. Bí wọ́n bá tọ́jú èyí tán, ẹ máa fọ eyín, ẹ máa run orín yín, kí ẹ wá máa mu dègè. Erìgì yín á dúpẹ́."

"Èyí tí wọn ò sè?" Mouftaou bi í.

"Èyí tí wọn ò sè."

Karimou bọ́ aṣọ funfun, ó ká a sábẹ́ abíyá, ó gun ọ̀kadà. Ó ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan, kò jí. Ó ta á nípàá lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kadà gbọ̀n, bátìrì tó ki bọ̀ ọ́ díẹ̀ sì wọlé dáadáa.

"Ó wà láàyè! Ó wà láàyè!"

"Ó TI KÚ!" gbogbo ọjà dáhùn.

"Kòkòrò rere, ológun ẹnu!"

"Wọ́n ń sinmi!"

Karimou gbá mẹgafóònù náà, kò dákẹ́. Ó fi aṣọ dókítà bò ó, ó ń ti abẹ́ aṣọ pariwo. Ló bá sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wá síwájú mi, ó na ọwọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ètè rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ó pa wọ́n dé. Wọ́n dúdú, wọ́n sì kéré.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tonton," ó ní fún mi.

"Ẹ ṣeun, dókítà," mo ní. Mo wo apá ọ̀tún mi, mo wo apá òsì mi, mo gbé bàtà kan, mo wo abẹ́ rẹ̀. "Irin yẹn, mi ò mọ ibi tí mo fi í sí."

Ó wà lábẹ́ ìdí mi. Mo jókòó lé e títí ó fi kọjá ilé ìwòsàn, tó kọjá ilé epo, tó dé ọ̀nà Tchatchou, tí a ò gbọ́ ọ mọ́.